Ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ kan àti ọgbọ́n gbogbonìṣe: ta ló jàre?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá aláṣọ ni mí ní Balógun. Èmi àti ọmọ mi tó wà ní yunifásítì jọ jiyàn lánàá láti orí afárá Third Mainland títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, a ò sì yanjú ẹ̀. Ó ní AI tó wà nínú fóònù mi, èyí tó máa ń wo ojú mi kó tó ṣí, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú AGI tí wọ́n ń pariwo kiri. Èmi ní ẹ̀rọ ni gbogbo wọn. Èyí tó bá ti gbọ́n ti gbọ́n, owó tí wọ́n bá ná lé e lórí ló máa sọ bó ṣe máa gbọ́n sí i. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ má fi gírámà pa mí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó sí ìsọ̀.

* * *

Ọmọ yín ló jàre, mà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiyín náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí àwọn kan wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé tí a bá sáà ń fi kọ̀ǹpútà àti dátà kún un, a máa débẹ̀. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lo ìsọ̀ yín. Ká ní ẹ ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ mọ aṣọ wọ̀n. Yáàdì mẹ́fà tó bá gé, ẹ lè fi búra. Kódà, ó yá lọ́wọ́ jù yín lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ò ju ìyẹn náà lọ. Ẹ ní kó lọ ṣẹ́ owó wá, ọ̀pá ló máa gbé. Ẹ ní kó kí oníbàárà, ọ̀pá ló máa gbé. Èkejì kì í tètè wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ lọ́jọ́ tí iná sọ ní ilé tó kángun sí tiyín, òun ló kó ìwé gbèsè sáyà, tó pe alábàárù mẹ́ta, tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí léèsì torí òun ló wọ́n jù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá sọ lọ́jà. Ó kó ohun tó mọ̀ nípa owó, nípa ẹrù, nípa èèyàn jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ohun tí kò ṣe rí.

AI ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ lọ́gbọ́n. Irú àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní narrow AI. Oníṣẹ́ kan lèmi máa ń pè é. Irú èkejì ni AGI (artificial general intelligence), ẹ jẹ́ ká pè é ní ọgbọ́n gbogbonìṣe ká lè máa gbọ́ra wa yé. Èyí tó ń wo ojú yín lórí fóònù, ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀: ṣé ojú tí mo rí yìí bá èyí tí wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ kìn-ín-ní mu? Bóyá ojú náà ń sunkún, bóyá ìbà ń ṣe ẹni tó ni ín, kò kàn án. Ọgbọ́n gbogbonìṣe ní tiẹ̀, kò tí ì sí ọ̀kan níbì kankan tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí pé òun nìyí.

* * *

Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, ìdáhùn àwọn tó kà á ti kún ibí. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ ni pé èyí tó gbọ́n jù ni AGI, èyí tí kò gbọ́n tó ni oníṣẹ́ kan. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1997, ní New York, Deep Blue, kọ̀ǹpútà tí IBM ṣe, na Garry Kasparov, ọ̀gá gbogbo ayé nígbà náà, 3½ sí 2½. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Seoul, AlphaGo, ẹ̀rọ tí Google DeepMind ṣe, na Lee Sedol 4 sí 1 nínú Go, eré tí wọ́n ń ta lórí pátákó onílà 19 níbùú, 19 lóròó. Àwọn méjèèjì borí ẹni tó wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé. Oníṣẹ́ kan ni àwọn méjèèjì.

Ká mú un sún mọ́lé. Ayò ọlọ́pọ́n: ilé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tú gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà jókòó lórí ọpọ́n nínú ẹ̀yà ayò kan tí wọ́n ń pè ní Awari. Ó jẹ́ 889,063,398,406. Òfin Awari fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ẹni méjì bá ta á láìṣì rárá, ọ̀mì ni. Kò sí bàbá kankan ní Èbúté Mẹ́ta tó lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jókòó tì ọpọ́n. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ṣú, bàbá yẹn á gbé ọpọ́n wọlé, á kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ta pé kó má fọwọ́ kan ọmọ ayò, á sì rántí ọwọ́ ta ló kàn láti ta. Ẹ̀rọ tó mọ gbogbo iye yẹn ò mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ òjò.

Ẹnìkan fi AlphaZero, ẹ̀rọ míì látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe AlphaGo, dá mi lóhùn, pé ṣebí òun mọ ṣẹ́ẹ̀sì, ó mọ Go, ó tún mọ shogi ti àwọn ará Japan. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ìkọ́ni kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ò gbé ohunkóhun lọ sídìí Go. Ìyá kan ló bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan di télọ̀, ọ̀kan di kápẹ́ńtà, ọ̀kan di mẹkáníìkì. Ẹ ò lè torí ẹ̀ gbé bùbá yín tó ya lọ bá mẹkáníìkì náà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ránṣọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2023. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Kellin Pelrine, tí kì í fi Go jẹun, na ẹ̀rọ Go kan tó wà lára àwọn tó lágbára jù láyé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà míì ló ti bá a wá ibi tí ẹ̀rọ náà kù sí. Ó ń rọra fi ọmọ tirẹ̀ yí ọmọ ẹ̀rọ ká, ó ń ta nígun mìíràn kí ẹ̀rọ má baà fura, ẹ̀rọ ò sì fura. Ẹni tó ń ta Go déédéé á ti rí i. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá pàdé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ló fojú fò yẹn.

* * *

Ẹ ní níbo ni mo ti mọ gbogbo èyí. Mo ti bá wọn ṣe é rí ni.

Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Yábàá, lókè ìsọ̀ kan tí kò jìnnà sí Sábó. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ẹ̀rọ kó lè ka rìsíìtì tí wọ́n fọwọ́ kọ, kí oníṣòwò Ìdúmọ̀tà lè ya fọ́tò rẹ̀, kí ìṣirò ọjà rẹ̀ sì jáde láìjẹ́ pé ó jókòó kà á lálẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò la jókòó tì, tí à ń kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ni márùn-ún, èyí ni òdo, ìlà yìí kì í ṣe ení, ìlà tí wọ́n máa ń fà sẹ́yìn owó kí ẹnikẹ́ni má baà fi kún un ni. Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ náà ń kà á yára ju gbogbo wa lọ. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn.

A gbé e dé ìsọ̀ kan. Ìwé rìsíìtì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní ewé méjì: funfun fún oníbàárà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kù sínú ìwé, tí kábọ́ọ̀nù ń tẹ̀. Funfun nìkan la fi kọ́ ẹ̀rọ. Lórí èyí tó pupa, òdo ìkẹyìn ti ṣí. Ẹ̀rọ ka ankara yáàdì mẹ́fà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dípò ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dá òun lójú dáadáa.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó wo fóònù, ó wo ìwé, ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ti ń ta ankara ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?" Òdo tó ṣí yẹn, òun náà ò rí i. Iye tí wọ́n ń ta ankara ló mọ̀, ó sì mọ̀ pé ohun tó wà lójú ìwé gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lọ́jà mu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kíka rìsíìtì pupa.

A padà lọ kó rìsíìtì pupa jọ, a fi kọ́ ẹ̀rọ. Ó mọ pupa, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi funfun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kà. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ àìsàn náà dáadáa: ẹ̀kọ́ tuntun máa ń pa tàtijọ́ rẹ́ bí ẹni nu pátákó. Ó di kí a da méjèèjì pọ̀ ká tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo POS, kò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mi ò kì í béèrè bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́n tó mọ́. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé tí wọ́n bá gbé e kúrò níbi tó mọ̀, kí ló máa ṣe? Ṣé ó tiẹ̀ máa mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun kúrò níbẹ̀?

* * *

Ìbéèrè láti Múṣin: ṣé oníṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń pè ní weak AI (AI tí kò lágbára), tí gbogbonìṣe sì jẹ́ strong AI (AI tó lágbára)?

Ọ̀pọ̀ ń lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n John Searle, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì kalẹ̀ lọ́dún 1980, ohun míì ló ń wá: ṣé ẹ̀rọ ní ọkàn, ṣé ó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń sọ, àbí àmì ló kàn ń tò? Ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá kó má lọ́kàn. Ti iṣẹ́ ni màmá bi wá, ẹ jẹ́ ká fi ti ọkàn sílẹ̀ ná.

* * *

Ibi tí ìjà ti le jù nìyí. Àbúrò kan láti Ṣómólú ní mo ń sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì àti rìsíìtì bí ẹni pé ọdún 2015 la ṣì wà. Ó ní, "ChatGPT ń bá mi kọ lẹ́tà, ó ń ṣe ìṣirò, ó ń túmọ̀ èdè, ó ń kọ kóòdù. Iṣẹ́ kan wo ni ìyẹn?"

Àbúrò, o ò parọ́. Ohun tó jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ti da ààlà tí a ń fà tẹ́lẹ̀ rú, ẹni tó bá sì ní kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ohun tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀: ka ìwé rẹpẹtẹ, kó o sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni wọ́n ń pè ní Transformer, àwọn kan ní Google ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 2017. Láti inú iṣẹ́ kan yẹn ni iṣẹ́ tí a ò lè kà tán ti jáde.

Àwọn olùwádìí ní Google DeepMind gbìyànjú láti la ìjà yìí lọ́dún 2023. Wọ́n ya ohun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: bí ẹ̀rọ ṣe mọ iṣẹ́ ṣe tó, àti bí iṣẹ́ tó mọ̀ ṣe gbòòrò tó. Wọ́n fi ChatGPT sí apá àwọn tó gbòòrò, àmọ́ ìpele tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ni, ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Wọ́n fi AlphaFold, tó ń sọ bí èròjà púrótéènì ṣe ká ara rẹ̀ jọ, sí apá oníṣẹ́ kan, ní ìpele tó ga ju gbogbo èèyàn lọ. Demis Hassabis àti John Jumper tó wà nídìí rẹ̀ wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2024. Oníṣẹ́ kan ni wọ́n fi gba Nobel, ẹ ṣáà rántí.

Àwọn OpenAI, tó ṣe ChatGPT, ní ìtumọ̀ tiwọn. Nínú ìwé ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, AGI ni ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń borí èèyàn nínú èyí tó pọ̀ jù lára iṣẹ́ tó ń mówó wá. Mi ò fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn. Owó ló fi ń wọn ọgbọ́n. Ìyá àgbà tó mọ ìgbà tí igbe ọmọ jẹ́ ti ebi àti ìgbà tó jẹ́ ti etí dídùn, ta ló ń sanwó fún un?

Ibi tí mo dúró sí nìyí: ChatGPT gbòòrò, kò tí ì jẹ́ gbogbonìṣe. Mo dán an wò láìpẹ́. Mo kọ "Igba ni mo ra" láìfi àmì kankan sí i, mo ní kó bá mi fi àmì sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ "Igbá ni mo rà." Ó dára. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbá tí wọ́n ń jẹ ni mo rà lọ́jà Oyíngbò ńkọ́? Tó bá jẹ́ igba, iye, ni mo ń sọ ńkọ́? Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí bébà, ẹ fún ọmọ Yorùbá èyíkéyìí. Á wò yín, á ní, "Èwo nínú wọn?" Ẹ̀rọ náà mọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí mo bi í léèrè, ó kà wọ́n fún mi dáadáa. Kò kàn béèrè nígbà tó yẹ kó béèrè ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sì bá a sọ lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n fún oníbàárà tó kàn, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́.

* * *

Àwọn kan ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ààlà tí àwọn òyìnbó ń fà láàárín ẹ̀rọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kan ilé wa.

Olórí àjọ ni màmá mi ní Oyíngbò. Ọgbọ̀n obìnrin ni wọ́n, alátà, ẹlẹ́ja, onírẹsì. Láyé àtijọ́, àpò ni wọ́n ń kó owó sí. Nísinsìnyí, àkáǹtì ni. Lọ́jọ́ tí àjọ bá pé, gbogbo wọn á fi owó ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, màmá á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún tó kọjá, wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tí màmá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, àkáǹtì ti tì pa.

Ẹni tó kàn lọ́jọ́ yẹn ti sọ fún oníṣòwò kan ní Mile 12 pé òun ń bọ̀ wá kó tòmátò. Ẹ mọ bí tòmátò ṣe rí, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo tẹ̀ lé màmá lọ sí báńkì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mà, sístẹ́ẹ̀mù ló tì í." Mo ní kí ló rí. Ó ní owó ti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí owó àwọn gbájúẹ̀ ṣe máa ń rìn nìyẹn. Mo ní ṣé ó mọ àjọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá òun náà ń dá a. Mo ní ó dáa, ó mọ̀ pé àjọ ni èyí, kó ṣí i. Ó ní òun ò láṣẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó gbà kó tó ṣí.

Títí dòní, inú ń bí mi tí mo bá rántí. Mi ò bínú sí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe, ó tilẹ̀ ṣe é dáadáa. Wọ́n kọ́ ọ ní bí owó olè ṣe ń rìn, wọn ò kọ́ ọ ní àjọ, kò sì ní ibi tó lè gbà mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó mọ àjọ jókòó síbẹ̀, wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi oníṣẹ́ kan sí ipò tó jẹ́ pé gbogbonìṣe ló lè jókòó síbẹ̀. Ìdí rèé tí iyàn màmá aláṣọ àti ọmọ rẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí mi. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀rọ tó ti gbọ́n ti gbọ́n, á máa rò pé ẹ̀rọ tó mọ olè mọ̀ á mọ alájọ mọ̀ náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Marina ní mo ń ṣe àṣejù. Ó ní tí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò fún ọjọ́ kan péré, owó àwọn màmá kan náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ jí.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, tọkàntọkàn ni mo sì fi gbà. Kò sí èèyàn tó lè fojú wo gbogbo owó tó ń wọlé tó ń jáde lÉkòó lójúmọ́ kan. Mi ò ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa fura, kó máa pè yín sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà gbọ́dọ̀ lè ṣí ohun tó bá mọ̀ pé ó mọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ mọ́kànlá ti pọ̀ jù.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ mẹ́ta wò tí wọ́n ń wo ojú kí wọ́n tó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn ò ju 0.8% lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7% nínú èyí tó burú jù. Àwọn tó ń tà wọ́n ti ń tà wọ́n lọ bí ohun tó mọ ojú èèyàn. Ojú àwọn èèyàn kan ló mọ̀.

* * *

Mo ní màá padà sórí owó. Lọ́dún 1955, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, John McCarthy, àti àwọn mẹ́ta míì kọ̀wé béèrè owó fún ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà, nígbà ooru ọdún 1956. Èèyàn mẹ́wàá, oṣù méjì. Inú ìwé yẹn ni orúkọ tí a ń pe AI dòní ti jáde. Wọ́n gbà pé ìlọsíwájú gidi máa wà tí àwọn tí wọ́n ṣà bá jọ jókòó fún ìgbà ooru kan. Àádọ́rin ọdún ti ń kọjá lọ.

Màmá, ẹ jàre ní ìdajì. Nídìí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, owó àti dátà tí wọ́n ń dà sí i ti mú kó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá ná lé ọmọ tó ń wọn aṣọ lórí á kàn jẹ́ kó wọ̀n ọ́n yá sí i ni. Bóyá ti ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ máa parí sí gbogbonìṣe, ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ti ń bá ara wọn jà, èmi ò sì tí ì rí ohun tó mú kí n gbà pé owó nìkan máa gbé e débẹ̀.

Hans Moravec, onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì kan, kọ ọ́ lọ́dún 1988 pé ó rọrùn láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí àgbà nínú ìdánwò ọpọlọ, ó sì nira láti fún un ní ohun tí ọmọ ọdún kan fi ń ríran, tó fi ń rìn kiri. Steve Wozniak, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ní ìdánwò kan tó bá ìyẹn mu: kí ẹ̀rọ wọ ilé tí kò dé rí, kó sì ṣe kọfí. Tèmi, ẹ̀bà ni. Kó wọ ilé kan ní Àgége. Kó wá ibi tí gàrí wà, bóyá nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìpara ara ògiri tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kó mọ̀ pé omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni ti mímu, pé èyí tó wà nínú abọ́ wà fún fífọ nǹkan. Gáàsì lè ti tán, kó wá sítóòfù, kó rí i pé kẹrosíìnì ò sí nínú ẹ̀, kó lọ bẹ aládùúgbò. Kó wo gàrí, kó mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú ni tàbí pupa, torí omi tí wọ́n ń gbà ò dọ́gba. Kó ro ó títí kò fi ní kókó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wá lo ìsinmi ní ilé yẹn á ṣe é, tó bá ti rí ẹni tó rò ó rí.

* * *

Màmá aláṣọ ti padà wá. Wọ́n ní wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn pé ó jàre. Wọ́n wá béèrè: ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù kọ̀ fún wọn ní oṣù tó kọjá, láìsọ ìdí. Èwo nìyẹn nínú méjèèjì?

Oníṣẹ́ kan ni, mà. Ó wo bí owó ṣe ń wọlé fún yín lórí fóònù, ó fi wé ti àwọn tó ti san gbèsè rí àti àwọn tí kò san. Tí ẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ lójúkojú, tí ẹ kì í fi gbogbo rẹ̀ sí báńkì, lójú rẹ̀ ẹ ò tajà rárá. Kò lè dé Balógun wá wo ìsọ̀ yín. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ má dá nìkan ṣe ìpinnu tó kàn yín gan-an, bó tilẹ̀ ní àwọn ibi tó yọ sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní kí èèyàn tún un wò, kí wọ́n sì sọ ìdí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé síbẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹ tún bi mí bóyá àkáǹtì màmá mi ti ṣí. Ó ti ṣí. Ní báyìí, tí àjọ bá ku ọjọ́ kan kó pé, màmá á kọ orúkọ àwọn ọgbọ̀n obìnrin náà sínú ìwé ọmọléèwé, pẹ̀lú iye tí oníkálukú fẹ́ fi ránṣẹ́ àti ẹni tó kàn, á wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn á gbà á, á fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, á sì pe ẹni tó láṣẹ ní ọ́fíìsì wọn ńlá kó tó di pé owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Látìgbà yẹn, kò tíì tì mọ́.